Àgbá, kòtò tàbí àpò: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ fi ewé ṣe gáàsì ìdáná rà?

Inú àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ni ìgbẹ́ tàbí ewé ti máa ń jẹrà nínú omi láìsí atẹ́gùn, tí gáàsì tá à ń fi dáná á fi jáde. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ màlúù nìkan lẹ fẹ́ máa dà sí i, èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣiṣẹ́ fún yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ koríko, ewé àti èèpo ló pọ̀ lágbàlá yín, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó náwó. Mo ti kọ́ kòtò onísìmẹ́ńtì tí orí rẹ̀ dí pa, mo sì ti lo àpò rọ́bà. Àgbá tí ọmọrí rẹ̀ ń léfòó, irú èyí tó gbilẹ̀ ní Íńdíà, ni mò ń fi dáná báyìí.

Èépá, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń dì lójú omi, ni ọ̀tá ẹni tó ń lo ewé. Koríko kì í rì. Gáàsì á há sáàárín rẹ̀, á gbé e wá sókè, á sì máa dì pọ̀ lójú omi títí á fi le. Bí èépá náà bá ti nípọn, gáàsì tó ń hó nísàlẹ̀ ò ní rọ́nà gòkè mọ́. Ohun tó pa kòtò mi nìyẹn. Nígbà tí mo lò ó di oṣù kẹrin, iná bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Mo rò pé ebi ló ń pa á, mo bá tún da koríko sí i. Kò pẹ́ tí omi dúdú fi ń tú jáde lẹ́nu ihò ẹ̀yìn, iná ò sì sí rárá. Kò síbi tí mo lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Owó àwọn tó gbọ́n ọn gbẹ dùn mí, ọjọ́ tá a fi ń dúró kí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ dáadáa sì tún wà níbẹ̀, nítorí gáàsì inú kòtò lè pa ẹni tó bá kánjú wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tá a tún un kún, ó lé ní oṣù kan kí iná tó padà.

Ní ti àgbá, àràárọ̀ ni mò ń di ọmọrí rẹ̀ mú, mo yí i síwá sẹ́yìn, èépá á sì fọ́. Bó bá ti le jù, mo tú gáàsì dànù níbi tó jìnnà sí iná, mo gbé ọmọrí kúrò, mo fi ṣọ́bìrì kó èépá náà. Bí ọmọrí bá ṣe ga sí ni mo fi ń mọ bí gáàsì ṣe kù sí. Òótọ́ ni pé gáàsì díẹ̀ máa ń yọ́ jáde létí ọmọrí.

Kòtò tí ọ̀jáfáfá bá kọ́ lè lo 20 ọdún, ilẹ̀ sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ òtútù. Àgbá tó wà lórí ilẹ̀ máa ń lọ́ra nígbà òtútù. Irin ń dípẹtà, ẹ ra oníke. Àpò ló rọrùn jù láti gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn àti eku ò ní jẹ́ kó pẹ́, ẹ sì ní láti gbé ẹrù lé e kí iná tó lágbára.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ fi ìgbẹ́ màlúù tútù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ gé ewé wẹ́wẹ́, ẹ má sì fi igi sí i, torí kì í jẹrà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bọ́ ọ lábọ̀ọ́jù, á kan, gáàsì á sì dáwọ́ dúró.

Ẹni tó ní màlúù lè kọ́ kòtò, ẹni tí kò ní pẹ́ níbi tó ń gbé lè ra àpò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ewé, ẹ bi oníṣẹ́ náà pé: ibo ni mo máa gbà fọ́ èépá? Bó bá ní tòun kì í ní èépá, ẹ ní kó mú yín lọ wo èyí tí wọ́n ti fi ewé bọ́ fún odindi ọdún kan.