Epo pupa mẹ́ta ní ọjà Wàǹdó: èwo ló tó owó?

Ẹni tó bá wọ ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, tó kàn sọ pé epo lòun fẹ́ rà, epo náà ni wọ́n á tà fún un. Ẹni tó bá béèrè pé, “Ìyá, ẹyìn ibo ni?” ló máa mọ ohun tó rà. Oríṣi mẹ́ta ló wà lórí àtẹ: epo ọ̀pẹ ìbílẹ̀, epo ọ̀pẹ tuntun tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà, àti zomi tí wọ́n fi àlùbọ́sà dín. Orí ilẹ̀ tí ẹyìn wọn ti wá ni ìyàtọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìbílẹ̀ ṣáájú, nítorí òun ló dùn jù. Láti Àjàṣẹ́ lọ sí Ṣakẹ́tẹ́, títí dé Pobẹ̀, ọ̀pẹ ló kún ilẹ̀ pupa yẹn. Àlejò á ní igbó ni. Kì í ṣe igbó rárá. Àgbẹ̀ ló ṣe é. Bí wọ́n bá ń ṣán oko àgbàdo, wọ́n á gé igi yòókù, wọ́n á dá ọ̀pẹ sí. Oòrùn á kan ilẹ̀, èkùrọ́ tó ti bọ́ á hù. Bí wọ́n bá fi oko sílẹ̀ kó sinmi, ọ̀pẹ á máa ga lọ. Bí wọ́n bá padà wá ro ó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á tún bá a níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi tò: méjì lè fara kanra, kó o sì rìn jìnnà kó o tó kan ẹ̀kẹta.

Òwò ló sọ ọ́ di púpọ̀ tó báyìí. Ní ọ̀rúndún 19, bí òwò ẹrú ojú òkun ti ń kógbá sílé, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ní Marseille àti àwọn tó ń fi ọ̀rá pa ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá epo kiri. Ọba Ghezo ti Dàhọ̀mì, tó jọba láti 1818 sí 1858, gbà á mọ́ra. Àjàṣẹ́ tó wà létí ọ̀sà náà di ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó àgbá epo. Nígbà tí Tofa jọba níbẹ̀ láti 1874 sí 1908, epo àti èkùrọ́ ni ọjà tó ń mú owó wọlé fún ìlú. Púpọ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà wá) tó ń wó lọ láàárín ìlú lónìí, owó òwò wà lára ògiri wọn.

Ẹyìn ọ̀pẹ ìbílẹ̀ yìí, eepo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, ó máa ń tó mílímítà 2 sí 8, ẹran ara rẹ̀ kò sì pọ̀. Epo tó ń jáde nínú ìdì kan kéré, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Akọ̀pẹ gbọ́dọ̀ fi igbà gun ọ̀pẹ gíga, àwọn ọ̀dọ́ tó sì fẹ́ ṣe é kò pọ̀ mọ́. Èyí tó ti gbó jù, wọ́n á wó o lulẹ̀, wọ́n á dá ẹmu lára rẹ̀, wọ́n á fi ẹmu náà ṣe ọtí líle tí wọ́n ń pè ní ṣọ́dàbì. Nítorí náà, bí ìyá alépo bá ní ti ìbílẹ̀ wọ́n ju tìkejì lọ, kò purọ́. Ẹ̀wà àti gààrí tí a bu epo tútù lé, ọbẹ̀ tí epo fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ lò.

Ṣùgbọ́n orúkọ ìbílẹ̀ nìkan kò tó. Ẹbu, ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo, ni epo rere ti ń di burúkú. Láti ìgbà tí ara ẹyìn bá ti bó tàbí tí ó bá ti fọ́ ni ohun kan nínú rẹ̀ ti ń sọ epo di kíkan, iná nìkan ló sì lè dá a dúró. Ó yẹ kí ẹyìn tí wọ́n gé dé orí iná láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀pọ̀ a máa kó ìdì jọ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, kí ẹyìn lè máa bọ́ fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ má baà ro wọ́n. Agbára ni wọ́n ń tọ́jú, epo ló ń bàjẹ́. Ásíìdì tí òwò àgbáyé máa ń gbà nínú epo pupa kò ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, epo ẹyìn tó ti jẹrà a sì máa kọjá rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu: á ta ọ̀nà ọ̀fun.

Bí wọ́n bá ti bó ẹyìn, wọ́n á sè é títí ìka á fi lè tẹ ẹran kúrò lára èkùrọ́, ó máa ń gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá jinná, epo á kù sára ìhá. Wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi, epo á léfòó, wọ́n á gbọ́n ọn. Ibi tí wọ́n ti ń kánjú jù ni sísè kejì, tí wọ́n fi ń lé omi jáde. Kí fóòmù tó lọ, kí ariwo inú ìkòkò tó dákẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀. Omi tó kù á wà nísàlẹ̀ bídọ́ọ̀nù (kẹ́ẹ̀gì), láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan epo ti kan. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kó jóná, á dúdú, á máa rùn èéfín. Omi tí iṣẹ́ yìí ń gbà kì í ṣe kékeré, òun ló fà á tí ẹbu fi máa ń wà ní àfonífojì létí odò, tí ọ̀nà tóóró láti orí òkè fi ń darí sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èkejì ni epo ọ̀pẹ tuntun. Ní 1922 ni àwọn Faransé dá ilé ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀, ojú irin láti Àjàṣẹ́ sì parí síbẹ̀. Ní 1941, ní Kóńgò àwọn Bẹ́ljíọ̀mù, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Beirnaert fi hàn pé bí a bá fi ọ̀pẹ eléepo nípọn gba ọ̀pẹ tí èkùrọ́ rẹ̀ kò léepo, ọmọ wọn á ní eepo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ẹran púpọ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní tenera. Wọ́n ń gbìn ín ní mítà 9 sí ara wọn, ní ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta bí àdògán, igi 143 lórí hẹ́kítà kan. Ní Dàhọ̀mì, òfin 1961 ló jẹ́ kí ìjọba lè da ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ pọ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n lè gbin oko ọ̀pẹ ńláńlá. Ojú ọ̀nà lẹ ti máa mọ̀ ọ́n: ìlà gbọọrọ tí òpin rẹ̀ kò hàn.

Kí ìyẹn tó dé, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ epo sí Avrankou àti Gbada. Ẹyìn kò tó wọn lò. Obìnrin ló ń ṣe epo, obìnrin ló ń ta èkùrọ́. Bí ọkọ bá ta ìdì fún ilé iṣẹ́, kí ló kù fún ìyàwó? Wọ́n jókòó ti ẹbu wọn, a kò sì dá wọn lẹ́bi.

Epo tenera pupa rẹ́súrẹ́sú, ó pọ̀, owó rẹ̀ dínkù, pàápàá láti oṣù kejì sí ìkarùn-ún tí ẹyìn máa ń pọ̀. Adùn rẹ̀ kò jinlẹ̀. Fún dídín àkàrà, ó dára gan-an. Kò sídìí tí ẹ ó fi fi ti ìbílẹ̀ ṣòfò níbẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ gbin tirẹ̀, kó má ṣa èkùrọ́ lábẹ́ igi aládùúgbò: nínú igi mẹ́rin tó bá hù, ìdajì péré ló máa jọ ìyá wọn, ọ̀kan á padà di eléepo nípọn, ìkẹrin sì sábà máa ń yàgàn. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin yóò ti kọjá kó tó mọ̀.)

Zomi, kíá: epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀ dín títí á fi máa ta sánsán. Ó dára, ṣùgbọ́n òórùn yẹn lè bo epo kíkan mọ́lẹ̀. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ kí ẹ tọ́ epo tútù rẹ̀ wò.

Àbùkù ọjà náà ni pé wọ́n ń da oríṣi méjì pọ̀, wọn kì í sì í sọ. Àwọ̀ kò lè sọ fún yín, nítorí wọ́n lè fi aró pa á láró. Epo tó sùn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun díẹ̀, kò túmọ̀ sí pé wọ́n lú u. Bó ti ń rí nìyẹn bí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ bu ṣíbí kan sórí iná: bó bá ń ta páá-páá, omi wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé bídọ́ọ̀nù tiyín lọ, nítorí òmíràn tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ti gbé epo mọ́tò rí. Ẹ sì gbé e sórí ìwọ̀n, kí ẹ yọ ìwúwo bídọ́ọ̀nù kúrò: lítà 25 epo tó dá ṣáká kò tó kílò 23. Bó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi lẹ ń sanwó fún.