Bọ́ọ̀lù tó ń léfòó tàbí pọ́ǹpù: èwo ló dára fún àpótí ẹja òkun?

Nínú àpótí gíláàsì tí a ti ń sin ẹja òkun, omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà kan omi òkun. Bí omi ṣe ń fà, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń le sí i. Omi tí kò níyọ̀ la fi ń dí i, díẹ̀díẹ̀. Mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ọ̀nà méjì.

Bọ́ọ̀lù dà bí èyí tó wà nínú táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àmọ́ ó kéré. Gbé kẹ́ẹ̀gì sórí pẹpẹ tó ga ju àpótí lọ, fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀. Omi àpótí lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù bá a lọ, ẹnu rọ́bà tí bọ́ọ̀lù ń dí ṣí. Kò bèèrè iná rárá. Iyọ̀ ló máa ń gbá jọ sẹ́nu rẹ̀ bí èépá funfun. Fínígà ni mo fi ń fọ̀ ọ́.

Swíìṣì tó ń léfòó, tó ń tan pọ́ǹpù kékeré bí omi bá lọ sílẹ̀, tó sì ń pa á bí omi bá gbé e sókè, péye jù, kẹ́ẹ̀gì sì lè wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kan, ìgbín lẹ̀ mọ́ swíìṣì mi, kò jẹ́ kó gbéra, pọ́ǹpù sì da gbogbo kẹ́ẹ̀gì sínú àpótí. Àánú ẹja wọ̀nyẹn ṣe mí gan-an. Swíìṣì méjì ni mo ń lò báyìí; tòkè ló ń pa pọ́ǹpù bí tìsàlẹ̀ bá há. Ẹnu rọ́bà kò sì gbọ́dọ̀ kan omi àpótí, kí omi oníyọ̀ má baà fà padà sínú kẹ́ẹ̀gì.

Níbi tí iná kò dúró, bọ́ọ̀lù ni mo yàn, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tí kò ju lítà 5 lọ.