Bush DAC90A tí mo rà ní Yábàá: kò gba FM o, àmọ́ mi ò kábàámọ̀

Tó bá jẹ́ Wazobia FM lẹ fẹ́ máa gbọ́, ẹ má ra rédíò yìí rárá, ẹ gba Alábà lọ, kékeré tí wọ́n ń tà níbẹ̀ á ṣe yín dáadáa. Bush DAC90A ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ FM. Medium wave (tí wọ́n tún ń pè ní AM) àti long wave nìkan ló ní, long wave ọ̀hún gan-an ò sì wúlò l'Ékòó torí kò sí iléeṣẹ́ rédíò tó ń lò ó níbí. Lọ́dún 1950 ni wọ́n gbé e jáde nílùú ọba, ike líle ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Bakelite ni wọ́n fi ṣe ara ẹ̀, tèmi jẹ́ bíráùn, ó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn wà lápá ẹ̀yìn Tejúoṣó, kò ní sáìnbọ́ọ̀dù, ẹ ṣáà béèrè Bàbá onírédíò. Bàbá mọṣẹ́, kò sí jìbìtì níbẹ̀. Fáàfù márùn-ún, àwọn nǹkan bíi gílóòbù tó ń mú rédíò àtijọ́ ṣiṣẹ́, ló wà nínú ẹ̀, wọ́n so gbogbo ẹ̀ kọ́ra tó fi jẹ́ pé tí ọ̀kan bá jó àwọn yòókù náà á kú, Bàbá wá èyí tó jó pààrọ̀, ó yọ àwọn kápásítọ̀ tó ti gbó, ó wá kó gbogbo èyí tó yọ sínú láílọ́ọ̀nù fún mi kí n lè mọ ohun tí mo sanwó fún. Mẹkáníìkì mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ibi tó kù sí ni pé "ọ̀la" Bàbá kì í ṣe ọ̀la o, kò sì ní rìsíìtì, owó tó gbà lọ́wọ́ mi yẹn á sì ra fóònù Tecno tó dáa.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: irin inú ẹ̀ lè máa gbé iná NEPA gan-an, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan àwọn skúrù ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ má sì ṣí i tí kò bá tíì kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ ínfátà lẹ̀ ń lò, ariwo á pọ̀ nínú ẹ̀, iná NEPA ló fẹ́.

Tẹ́ ẹ bá tan án kò ní dáhùn. Ẹ ní sùúrù. Iná á kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn ojú ẹ̀, ẹ̀ẹ́ gbóòórùn eruku tó ń gbóná, á wá máa kùn hùùn, tó bá ṣe bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni ohùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ohùn tó wúwo, tó lọ́ra, kì í ta síni létí.

Kí lèmi wá ń gbọ́ nínú ẹ̀? Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé ohùn fóònù sórí medium wave, mo kó àwọn ètò BBC àtijọ́ tí mo rí jọ, mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra lórí Light Programme, ìkànnì BBC kan, nígbà tí rédíò yìí ṣì wà ní tuntun. (Èyí tí mi ò rí, mo fi orin ìgbà yẹn dí i, torí púpọ̀ nínú ẹ̀ ni wọn ò gbà sílẹ̀, wọ́n á ṣe é tán ó parí nìyẹn.) Ọdún 1945 ni BBC dá Light Programme sílẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n bá Jámánì jà tán, ti fàájì ni. Third Programme tó dé lọ́dún 1946 ni tàwọn ọ̀mọ̀wé, alẹ́ nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé aago ilé ni wọ́n fi rédíò ṣe. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, Housewives' Choice, orin táwọn ìyàwó ilé bá kọ̀wé béèrè. Music While You Work wà fáwọn òṣìṣẹ́ fáàtìrì, orin lórí orin láìsí ọ̀rọ̀, àní orin kan wà tí wọ́n fòfin dè torí àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi irinṣẹ́ lu bẹ́ǹṣì níbi tó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́! Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìtàn àwọn ọmọdé, Listen with Mother, aago méjì géérégé Woman's Hour, tó jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olóòtú ẹ̀ lọ́dún 1946, ẹ ò rí nǹkan. Aago mẹ́rin, Mrs Dale's Diary, ìyàwó dókítà àti wàhálà ilé ẹ̀. Èyí sú mi díẹ̀.

Dick Barton, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, lọ̀gá gbogbo wọn. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, wọ́n á lé olè, wọ́n á há sínú yàrá, wọ́n á wá gé e síbẹ̀. Ọmọkùnrin mi ní "Dádì, ẹ fi next sí i." Mo ní kò sí next o, ó di ọ̀la. Ó wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó. Lọ́dún 1951 ni wọ́n pa Barton tì, The Archers ló gba àyè ẹ̀, eré àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba náà lọ́wọ́ sí káwọn àgbẹ̀ lè kọ́ bí oúnjẹ á ṣe pọ̀ sí i, torí wọ́n ṣì ń fi ìwọ̀n pín oúnjẹ fáwọn èèyàn títí di 1954.

Ẹ má sì rò pé NEPA ò sí lọ́dọ̀ tiwọn. Ní February 1947 òtútù burúkú mú, èédú ò dé iléeṣẹ́ iná, ni BBC bá ti Third Programme pa fúngbà díẹ̀, ti tẹlifíṣọ̀n náà pa. Owó láísẹ́ǹsì rédíò wọn sì ti kúrò ní ṣílè mẹ́wàá, ó ti di pọ́ùn kan lọ́dún.

Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó á rántí Rediffusion tiwa, àpótí ara ògiri tí wọ́n ń fi wáyà gbé BBC wọ̀ láti 1935, asọ̀rọ̀mágbèsì pọ́nńbélé. Ẹni tó bá ní irú àwọn àgbà yẹn nílé ló yẹ kó lọ wo Bàbá onírédíò. Bush funfun kan ṣì wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù ẹ̀ nígbà tí mo lọ gba tèmi, ẹ ná an dáadáa, ẹ má sì lọ lọ́sàn-án Jímọ̀ torí á ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, ọmọ iṣẹ́ tó máa ń fi síbẹ̀ ò mọ iye tí wọ́n ń tà á.