Ìgò wisikí márùn-ún tí mo rà ní ẹ̀dínwó, àti èyí tí bàbá ìyàwó mi gbé lọ sí Abẹ́òkúta

Bàbá ìyàwó mi pé ọdún 75 ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ wa ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n sì ti wá ṣe é. Láti oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ò fẹ́ bàtà, àwọn ò fẹ́ aago. Wisikí gidi ni wọ́n fẹ́, "èyí tí wọn ò lú mọ́ òmíràn." Single malt ni wọ́n ń sọ. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà, owó oṣù mi ò gbà kí n kàn na ọwọ́ sí èyí tó bá wù mí. Mo bá fi oṣù Bélú àti Ọ̀pẹ̀ ṣọ́ ẹ̀dínwó, torí àsìkò Kérésìmesì ni àwọn ilé ìtajà ibí máa ń gbé owó ọtí wálẹ̀ jù. Ìgò márùn-ún ni mo rà. Mo tọ́ gbogbo wọn wò dáadáa kí Bàbá tó dé.

Ọtí líle kì í ṣe àjèjì sí mi. Ìyá ìyá mi sè é jẹun létí odò lágbègbè Òkìtìpupa. Ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan ni wọ́n ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n á dáná sí i nídìí, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù bàbà kọjá nínú omi tútù, ògógóró á sì máa kán tó, tó, tó sínú ìgò lápá kejì. Bí wisikí náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkà bálì tí wọ́n rẹ títí tó fi hù ni tiwọn, ìkòkò bàbà ràgàjì ni wọ́n sì fi ń sè é. Àgbá ló yà wọ́n. Ìyá àgbà a máa ta ọtí wọn lọ́jọ́ kejì. Ní Scotland, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọtí ní wisikí tí kò bá tíì lo ọdún 3 nínú àgbá igi oak. Agbára rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kó tó wá jẹ́ single malt, bálì nìkan ni kí wọ́n fi ṣe é, ilé ìpọntí kan ṣoṣo ni kó sì ti wá. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà 12 lára ìgò, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ ló pé ọdún 12. Àmọ́ ẹ má fi àwọ̀ wo ọjọ́ orí ọtí o, òfin gbà wọ́n láyè láti fi ṣúgà jíjó pa á láró.

Ohun kan dùn mí nínú ọjà yìí. Ilé ìtajà ńlá kan wà tí mo máa ń gbà kọjá bí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Nínú oṣù Bélú, wọ́n fi páálí yẹ́lò sábẹ́ ìgò kan pé pọ́n-ùn 45 ni tẹ́lẹ̀, ó ti di 36. Ara mi yá gágá. Àfi bí mo ṣe rántí pé mo ti ya àwòrán pẹpẹ yẹn nínú oṣù Ọ̀wàrà. Mo tú fóònù mi wò, pọ́n-ùn 37 ló wà níbẹ̀! Wọ́n gbé owó gòkè kí wọ́n tó gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo fi àwòrán náà han ọ̀gá tó wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ yẹn, ó ní bó ṣe tòkè wá nìyẹn. Mo dá ìgò padà sáyè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò ra ọtí kankan tí mi ò bá ní àwòrán owó rẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ràn owó rẹ̀, kó ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun kejì tí mo ń ṣe ni pé mo ń yọ ti ìjọba kúrò kí n tó mọ ohun tí mò ń rà. Ní 2025, owó orí ọtí líle ní Britain jẹ́ pọ́n-ùn 32.79 lórí lítà kan ògidì ọtí. Nínú ìgò sẹ̀ǹtílítà 70 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40, pọ́n-ùn 9.18 nìyẹn, kí VAT ìdá 20 tó gun gbogbo rẹ̀ lórí. Tí wọ́n bá ń ta ìgò bẹ́ẹ̀ ní pọ́n-ùn 20, ìjọba ti mú pọ́n-ùn 12.51 lọ. Pọ́n-ùn 7.49 tó kù ni wọ́n fi máa san owó bálì, owó àgbá, owó ìgò, owó ọkọ̀ àti èrè ẹni tó tà á. Ìgò pọ́n-ùn 32 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 45.8 ńkọ́? Ìjọba á mú 15.84, á ku 16.16. Pọ́n-ùn 12 ni mo fi lé e, ohun tó kù fún ọtí náà sì ju ìlọ́po méjì lọ. Ọjọ́ tí mo ṣírò yìí tán lẹ́yìn ìwé ìsanwó ni mo dẹ́kun àtimáa lé owó tó kéré jù kiri.

Alẹ́ Sátidé kan ni mo tò wọ́n sórí tábìlì ìdáná. Mo lo ife kékeré tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ẹnu rẹ̀ há, tó ń kó òórùn jọ. Mo gbé omi tútù àti síbí tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí tí ilé ìtajà fi orúkọ ara rẹ̀ sí, tí kò sọ ilé ìpọntí tó ti wá, ni mo rà ní pọ́n-ùn 20. Ó mọ́, ó dùn díẹ̀, ó sì ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ fi Kóòkì sí i fún àwọn àlejò, kò ní já yín kulẹ̀. Glenlivet Founder's Reserve, pọ́n-ùn 24, kò ní iye ọdún lára. Ó fúyẹ́ bí omi ọsàn, ó sì tètè tán lẹ́nu.

Glenfiddich 12 ni gbogbo wa mọ̀, ìgò onígun mẹ́ta tó ní àgbọ̀nrín lára. Ìlú Dufftown ní Scotland ni wọ́n ti ń sè é, ọjọ́ Kérésìmesì 1887 gan-an ni ọtí àkọ́kọ́ kán níbẹ̀. Pọ́n-ùn 29 ni mo san, 40 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwòrán mi sì jẹ́rìí sí i. Èso pear ló ń rùn. Ó tutù lẹ́nu, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ ẹ má da yìnyín sí i, ẹ̀ẹ̀mejì péré tí mo jù ú sí i, ọtí náà di omi ṣúgà.

Laphroaig 10 wá láti erékùṣù Islay ní Scotland, pọ́n-ùn 30 ni. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ewé àti koríko ti jẹrà sí láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Wọ́n á sá a, wọ́n á wá fi dáná sábẹ́ bálì tútù kí èéfín lè wọ̀ ọ́ lára. Bí mo ṣe ṣí i, ìyàwó mi ké láti pálọ̀ pé, "Ta ló ń da oògùn ilé ìwòsàn nù?" Kò purọ́, òórùn áyódíìnì wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá fi ẹja yíyan tọ́ dàgbà ò ní sá fún un. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mi ò kàn ní gbé e fún àgbà ẹni ọdún 75 láìkìlọ̀.

Talisker 10 ló gba ọkàn mi. Ọdún 1830 ni wọ́n dá ilé ìpọntí náà sílẹ̀ ní erékùṣù Skye, létí òkun. Ìdá 45.8 ni agbára rẹ̀, òun sì ni ìgò pọ́n-ùn 32 tí mo fi ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fi agbára pín owó, ó dín ní owó ju Glenfiddich lọ! Oyin ló kọ́kọ́ kàn mí lẹ́nu, iyọ̀ òkun tẹ̀ lé e, èéfín díẹ̀ tí kò bo nǹkan mọ́lẹ̀. Mo fi síbí kán omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, òórùn ọsàn jáde. Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni ìdí ahọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná.

Àbúrò mi obìnrin ní Glasgow ni mo kọ́kọ́ ní kó bá mi wá a ní méjì lówó ẹyọ kan. Ó ní irú ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ àwọn láti 2011, òfin Scotland ti fi dè é. Láti oṣù kẹsàn-án 2024 sì ni òfin ti ní kí wọ́n má ta ìgò ìdá 40 tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 70 ní ohun tó dín ní pọ́n-ùn 18.20.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, mi ò sọ orúkọ kankan fún Bàbá. Mo bu márààrún fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n tọ́ wọn wò jẹ́jẹ́. Nígbà tó kan Talisker, wọ́n gbé e sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gbé e mì, wọ́n wá wo ojú mi. "Àwọn òyìnbó wọ̀nyí, níbo ni wọ́n ti rí iyèré?"

Wọn ò fọwọ́ kan ìgò yòókù mọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú Talisker náà, wọ́n fi sẹ́lótéèpù yí ọmọrí rẹ̀ po, wọ́n fi síńgílẹ́ẹ̀tì méjì wé e sáàárín àpótí. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lọ, mo padà sí ilé ìtajà láti ra òmíràn fún ara mi. Ó ti padà sí pọ́n-ùn 45. Mo ya àwòrán rẹ̀.