Àgbéyẹ̀wò: Mo ṣe MBSR, ẹ̀kọ́ àṣàrò ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ fún másùnmáwo

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbí ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin gan-an ni mo kọ èyí fún. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, oorun di ọ̀wọ́n, ni dókítà bá ní kí n fi MBSR kún oògùn mi.

Jon Kabat-Zinn ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1979 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts, nílùú Worcester. Inú ẹ̀sìn Búdà ló ti mú àṣàrò náà, àmọ́ ó yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò níbẹ̀. Kí ọkàn yín balẹ̀ o, wọn ò ní ká gbàdúrà sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ń pàdé lórí Zoom, fún bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí kálukú mú èso àjàrà gbígbẹ ẹyọ kan. A wò ó, a fi ìka tẹ̀ ẹ́, a gbóòórùn rẹ̀, a gbé e sórí ahọ́n láì tíì gé e jẹ. Nígbà tí mo wá gé e jẹ, adùn rẹ̀ kún ẹnu mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹun lórí ìdúró, tí ojú mi wà lára fóònù.

Èyí tó wúlò fún mi jù ni ti ìdùbúlẹ̀. Ẹ ó fara balẹ̀ fọkàn tọ ara yín láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé àtàrí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ìgbà tí mo dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo rí i pé mo payín pọ̀ gbọn-in, èjìká mi náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Látìgbà náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń ṣe é kí n tó sùn. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé oorun mi ti dára sí i. Ẹ̀jẹ̀ mi náà wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo dín iyọ̀ kù lásìkò kan náà, nítorí náà mi ò lè gbé gbogbo ọpẹ́ fún àṣàrò.

Àwọn olùwádìí náà ò sọ àsọdùn. Lọ́dún 2014, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine gbé àyẹ̀wò ìwádìí 47 jáde, tó kó ènìyàn 3,515 pọ̀. Àṣàrò dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìrora kù níwọ̀nba, àmọ́ wọn ò rí ẹ̀rí pé ó ju oògùn tàbí eré ìdárayá lọ. Ní 2022, ìwádìí mìíràn fi MBSR wé oògùn escitalopram fún àwọn tí àìsàn àníyàn ń bá jà, MBSR ò sì rẹ̀yìn. Ní ti ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, sọ ní 2017 pé èèyàn lè fi àṣàrò kún ìtọ́jú tó ń gbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ torí rẹ̀ pa oògùn tì.

Ẹ̀dùn ọkàn mi: owó rẹ̀ wọ́n, adójútòfò ìlera mi ò san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ gbáko kan tún wà tí a kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n sì fi sí, ìgbà tá a sanwó tán ni wọ́n tó sọ fún wa. Èyí ò dára rárá fún àwa tí a ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tí nǹkan burúkú bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó kọ́kọ́ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ìpayà mú ẹnìkan nínú kíláàsì wa bó ṣe dijú. Olùkọ́ ní kó lajú, kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kíláàsì tó ní olùkọ́. Bí owó ò bá sí, Palouse Mindfulness gbé ẹ̀kọ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi ti ìdùbúlẹ̀ bẹ̀rẹ̀.