Ọkọ̀ Síkì Orí Omi Tí Kò Wọ́n: Ẹ́ńjìnì Àárín tàbí Ti Ẹ̀yìn?

Ẹni tó bá fẹ́ kan ọkọ̀ síkì, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tó ń fi okùn fa ẹni tó dúró lórí pákó síkì, tí apá mẹ̀kúnnù máa ká, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ni kó kọ́kọ́ yanjú. Ti àárín ọkọ̀ ni àwọn tó ń díje fẹ́ràn: ìwúwo rẹ̀ dọ́gba, ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í ga, ọkọ̀ kì í sì yà bí ẹni tó wà lórí síkì bá ń fa okùn. Pùròpélà rẹ̀, ìyẹn abẹ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ lọ, wà lábẹ́ ọkọ̀, ó jìnnà sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gòkè láti inú omi. Ọ̀rọ̀ ààbò yìí jẹ mí lógún gan-an. Àmọ́ ó gba ọwọ́ tó mọṣẹ́ láti to ọ̀pá tó ń yí pùròpélà kó gún régé, iṣẹ́ yẹn sì ń gba owó.

Ti ẹ̀yìn rọrùn: a óò rà á ní pípé, a óò fi bóòtù onírin dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí oníbàárà bá jẹ́ ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ síkì, èyí ni mo máa tà fún wọn, tí wọ́n bá ṣèlérí láti máa pa ẹ́ńjìnì kí ẹnikẹ́ni tó gòkè.