Ọta .308 tàbí 6.5 Creedmoor?
Àwọn ọdẹ Ẹ̀pẹ́ tó ń wo fídíò ọdẹ Amẹ́ríkà lórí fóònù kì í yé jiyàn lórí ọta méjèèjì yìí. .308 Winchester ti wà láti 1952. Ó pọ̀ lọ́jà lọ́hùn-ún, ọ̀pá ìbọn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó gbó.

Ṣùgbọ́n bí ẹran bá jìnnà tó 500 mítà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, 6.5 Creedmoor ti 2007 ni tèmi. Orí ọta rẹ̀ kò ju mìlímítà 6.7 lọ ní fífẹ̀ (ti .308 tó 7.8), ó sì gùn gbọọrọ, nítorí náà atẹ́gùn kì í tètè gbé e yà. Kì í sì í gbá èjìká ẹni bíi ti .308.

Nínú igbó Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, níbi tí ìtàkùn ti dí ojú ọ̀nà? Ṣakabùlà bàbá yín ti tó, ẹ jàre.